Agbẹnusọ Jẹ́jẹ́

Eyín ni Jẹ́jẹ́ ń ṣe. Kì í yọ eyín o, kì í sì í ṣe dókítà. Tí eyín bá ti kán tán lẹ́nu èèyàn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti wọlé, Jẹ́jẹ́ ló máa jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn eyín, tí yóò fi ìda àti iná kékeré to eyín àtọwọ́dá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí onítọ̀hún yóò fi tún lè rẹ́rìn-ín láìfi ọwọ́ bo ẹnu. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà nídìí ẹ̀. Àwọn tó ń fi eyín tó ṣe sọ̀rọ̀ nílùú yẹn, tí wọ́n ń fi í nájà, tí wọ́n ń fi í bú aládùúgbò wọn, kò níye. Òun gan-an tó ṣe é, kó kí èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ ńlá ni.

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, nítorí bó ṣe máa ń fara ra ògiri kọjá bí ẹni pé ilẹ̀ ń sùn tí kò sì fẹ́ jí i. Inú ire ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Ìwà pẹ̀lẹ́ kọ́, ẹ̀rù ni, ẹ̀rù èèyàn. Ejò kan wọ yàrá ẹ̀yìn rí. Òòlù ló fi pa á, ó gbé e dà nù, ó fọwọ́, ó padà sídìí iṣẹ́. Àmọ́ tí fóònù bá dún báyìí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi.

Kó tó ra búrẹ́dì, ó ti máa to gbólóhùn rẹ̀ sílẹ̀: “Ẹ káàárọ̀, ẹ bá mi mú búrẹ́dì kan.” Á máa tún un wí láti ilé títí dé ìkòríta. Tó bá wá débẹ̀ tí oníbúrẹ́dì bi í pé ńlá ni àbí kékeré, gbogbo ètò ti dàrú nìyẹn, nítorí kò múra sílẹ̀ fún ìbéèrè. Èyí tọ́wọ́ rẹ̀ bá ti bà ló máa gbé, á sì máa bú ara rẹ̀ nínú fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kan ní kó máa jáde dáadáa. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Ó wù mí kí ọkàn àwọn tó pè é ní ìgbéraga lù fún ìṣẹ́jú kan péré bí tirẹ̀ ṣe ń lù tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ láàárín èrò, kí n wá wo ẹni tí yóò tún lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí ohùn Jẹ́jẹ́ kì í gbọ̀n lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Ọdún márùn-ún ló fi jù ú lọ. Lọ́jọ́ tí Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ wọ ilé ìwé, tí olùkọ́ bi í lórúkọ tó dákẹ́ lọ gbári, kíláàsì àwọn àgbà ni wọ́n ti lọ pe ẹ̀gbọ́n wá kó wá bá a sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ẹ̀gbọ́n di ẹnu àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ló bá a wá iṣẹ́ sílé ìwòsàn yẹn, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ń jókòó nídìí tábìlì iwájú, tó ń gba àlejò, tó ń dá fóònù lóhùn, tí kò sì sí ẹni tí kò lè mú rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilé ọkọ ò gba ẹ̀gbọ́n mọ́, ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́ ló kó ẹrù rẹ̀ wá, yàrá méjì tó dojú kọra. Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé Jẹ́jẹ́ kan náà ni tí ẹ bá rí i nínú ilé yẹn. Á máa sín Dókítà, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, jẹ bó ṣe ń yọ́ wo ẹnu èèyàn bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín títí ìgbáròkó á fi máa dùn ún.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́ níbi iṣẹ́. Lọ́dún méje sẹ́yìn, Dókítà, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun tó ni ilé ìwòsàn náà, mú dókítà mẹ́ta láti ibòmíràn wá sí yàrá ẹ̀yìn. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún wọn bó ṣe ń mú àwọ̀ eyín tuntun bá ti àtijọ́ mu. Jẹ́jẹ́ la ẹnu, ohùn ò jáde. Ó tún la ẹnu. Òógùn bò ó, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó bá sá jáde láàárín wọn, ó ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìtọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ títí wọ́n fi palẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ló jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń rọ̀ ọ́ bí ẹni ń rọ ọmọ ọwọ́. Àánú ṣe Dókítà. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣòfin: kí ẹnikẹ́ni má ṣe kojú Jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó bá jẹ́ ti iṣẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sórí bébà tó bá bátànì ẹnu aláìsàn wá, èyí tí wọ́n fi ń wọn eyín. Ohun tí kò bá ṣeé kọ, kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n á sọ fún un. Gbogbo wọn gbà, wọ́n sì pa òfin náà mọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Kò sí ẹni tó rò ó pé odindi ayé obìnrin kan ni àwọn gbé sẹ́nu obìnrin mìíràn yẹn.

Àfi ibì kan tí Jẹ́jẹ́ ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láìsí alárinà. Kí eyín tó di líle, inú ìda ni wọ́n ń tò ó sí, ẹni tó ni ín á wá dán an wò lẹ́nu. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ìyẹn, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló yà á sọ́tọ̀ sí yàrá ẹ̀yìn. Dókítà á ní kí aláìsàn máa sọ̀rọ̀, ohunkóhun tó bá ti wù ú. Jẹ́jẹ́ á dúró lẹ́yìn pákó, á di ojú, á máa gbọ́. Tí atẹ́gùn bá ń bá ọ̀rọ̀ jáde níwájú, ó ti mọ̀ pé eyín òkè gùn ju bó ṣe yẹ lọ ní ìwọ̀n irun orí kan. Tí ahọ́n bá ń kọsẹ̀, ó mọ eyín tó dí i lọ́nà. Kì í wo ẹnu wọn rárá, etí ló fi ń tún un ṣe. Dókítà máa ń sọ fáwọn èèyàn pé òun ò tíì rí irú rẹ̀ rí, òótọ́ ló sì ń sọ.

Ní ọdún kọkànlá Jẹ́jẹ́ nídìí iṣẹ́ ni ìròyìn jáde pé Dókítà fẹ́ ṣí ilé iṣẹ́ eyín ńlá sí òdìkejì títì: tábìlì iṣẹ́ mẹ́rin, ẹ̀rọ tuntun, kí àwọn ilé ìwòsàn mìíràn lè máa gbé iṣẹ́ wá. Ó ń wá ẹni tí yóò ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Ẹni náà ni yóò máa kọ́ àwọn yòókù níṣẹ́, òun ni yóò sì máa bá àwọn dókítà tó gbéṣẹ́ wá sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé.

Jẹ́jẹ́ fẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ n wí i kó yéni: ó fẹ́ ẹ débi pé kì í lè jẹun tán tó bá ti rántí rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni ọjọ́ Ajé yẹn. Ó bá pinnu pé òun á kọ́ ọ, bí òun ṣe kọ́ eyín, díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀dọ̀ bàbá tó ń ṣọ́ géètì ló ti bẹ̀rẹ̀. Kàkà kó gba ẹ̀yìn wọlé bó ti máa ń ṣe, ó gba iwájú lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.” Ẹnu ya bàbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Orí Jẹ́jẹ́ ń wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ọ̀nà àtisá, síbẹ̀ ó dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ orúnkún náà dópin. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó bi bàbá pé, “Orúnkún yín ńkọ́?” Ó wọlé, ó jókòó, ó sì sunkún díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ dùn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bi oníbúrẹ́dì pé èwo ló rọ̀ jù nínú búrẹ́dì ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó pe àwọn tó ń ta ìda lórí fóònù, èyí tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. Oṣù méjì gbáko ló fi ń ṣe èyí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, òun àti ẹ̀gbọ́n ń fọṣọ lẹ́yìn ilé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá yẹn. Ẹ bá mi sọ fún Dókítà.”

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n dúró nínú ọṣẹ. “Iṣẹ́ ọ̀gá wo? Ti òdìkejì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ìwọ tí o ò lè pọ́n omi tí èrò bá wà nídìí ẹ̀rọ omi?”

“Mo ti ń gbìyànjú. Ẹ ṣáà bá mi gbé e kalẹ̀ níwájú wọn. Tí wọ́n bá ti ní kí n wá, màá lọ fúnra mi.”

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ó dáa. Fi í sílẹ̀ fún mi.”

Nígbà tó di ọjọ́rú, ó ní òun ti sọ fún Dókítà. Dókítà ní òun á rò ó. Jẹ́jẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin láti fi dá a lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, gbogbo bébà tó bá bátànì ẹnu wọlé, Jẹ́jẹ́ á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá Dókítà kọ nǹkan síbẹ̀. Kò kọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ìkẹrin wọlé, lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó ń de táì dé láti ìlú mìíràn, wọ́n sì fà á kiri pé ọ̀gá tuntun nìyí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí wọ́n ti ń jẹun, ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé fún un. “Dókítà ní ọ̀gá gbọ́dọ̀ lè dúró níwájú èèyàn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní rárá.” Ó fa Jẹ́jẹ́ mọ́ra. “Fi wọ́n sílẹ̀. Wọn ò mọyì ẹ. Èmi wà ńbí, àbí mi ò tó?” Jẹ́jẹ́ sunkún sí èjìká rẹ̀. Ó dùn ún pé Dókítà, ẹni tó ti gbẹ́kẹ̀ lé fún ọdún mọ́kànlá, lè kọ òun láìtiẹ̀ pe òun kó wo ojú òun. Kò wo Dókítà lójú mọ́ láti ìgbà náà, kì í kúkú ṣe pé ó ń wò ó tẹ́lẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá dán eyín wò. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́yìn pákó, ó di ojú. Ìyá náà ròyìn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, Jẹ́jẹ́ sì ti gbọ́ èyí tó yẹ kó tún ṣe: eyín kejì lápá òsì. Dókítà sin ìyá jáde. Ó kù díẹ̀ kí Jẹ́jẹ́ padà sórí àga ló gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n wọlé wá kó àwọn ife kúrò, tí Dókítà sì bá a sọ̀rọ̀.

“Ọkùnrin yẹn ti tún ba iṣẹ́ méjì jẹ́ lọ́sẹ̀ yìí,” Dókítà wí. “Ó ṣì ń dùn mí nípa àbúrò ẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kí o bá mi bẹ̀ ẹ́.”

“Mo bẹ̀ ẹ́ o, sà.”

“Kò tiẹ̀ rò ó wò rárá?”

“Ẹ̀rù bà á ni, sà. Ó ní tí ẹ bá tún dárúkọ iṣẹ́ yẹn létí òun, òun á fi ibí sílẹ̀. Mi ò kàn fẹ́ sọ ọ́ fún yín bẹ́ẹ̀ ni.”

Dókítà mí kanlẹ̀. “Ó dáa. A ò ní fòòró ẹ̀ mọ́.”

Jẹ́jẹ́ ò mọ bó ṣe jókòó. Ìda tó wà lórí iná yọ́ kọjá bó ṣe yẹ, ó ń rùn, kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì. Dókítà fúnra rẹ̀ ló ti fẹ́ kí òun gba iṣẹ́ náà. Ó pa iná, ó gba ẹ̀yìn jáde, ó fẹsẹ̀ rìn délé láàárín oòrùn ọ̀sán, kò sì rántí pé òun pàdé ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ẹ̀gbọ́n dé ní aago mẹ́fà. “Wọ́n ní o ti jáde láti ọ̀sán. Ṣé ara ẹ ò yá ni?”

Jẹ́jẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà ni mi ò lè dárí rẹ̀ ji ẹ̀gbọ́n yẹn títí dòní. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣomi. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì bó ṣe máa ń lù níwájú àlejò, nínú ilé tirẹ̀, níwájú ẹ̀gbọ́n tirẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló ní láyé tí ohùn rẹ̀ ti ń jáde, wọ́n sì ti gba ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ to gbólóhùn náà sílẹ̀ nínú orí kó tó lè sọ ọ́.

“Mo gbọ́ yín lẹ́yìn pákó.”

Ẹ̀gbọ́n gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. Kò jiyàn. Ó jókòó sórí àga, ó ní, “O rántí ilé ìtọ̀ yẹn? Èmi ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wákàtí méje. Tó o bá dé ọ̀hún tó o ṣubú níwájú gbogbo wọn, ta ló máa jókòó tì ẹ́? Mò ń dáàbò bò ẹ́ ni.”

“Mo ní kẹ́ ẹ sọ fún wọn.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ ní ẹ ti sọ.”

“Mo mọ̀.” Ẹ̀gbọ́n nu ojú. “Òdìkejì títì lo fẹ́ lọ. O máa ní àwọn èèyàn tìẹ, o máa máa sọ̀rọ̀ fúnra ẹ. Kí lo wá fẹ́ kí èmi máa ṣe? Ilé ọkọ ò sí, ọmọ ò sí. Ìwọ ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó sì ṣeé káàánú. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ò rí àánú kankan nínú ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó fi máa dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ti ṣíwájú rẹ̀. Ó bá a ní yàrá Dókítà, tó ń bá Dókítà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Jẹ́jẹ́ wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó ti to gbólóhùn rẹ̀ sílẹ̀ láti ìdájí, ó sì sọ ọ́ tán pátá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré débi pé òun fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́ ọ jù.

Dókítà ò wò ó. Òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló ń pa mọ́. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n, ó ní, “Kí ló wí?”

Ẹ̀gbọ́n ní, “Ó ní kẹ́ ẹ má bínú, sà, pé òun jáde láìgbàyè lánàá.”

“Kò séwu, kò séwu,” ni Dókítà wí, ó sì rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbọ́n.

Jẹ́jẹ́ di etí tábìlì mú. “Èmi ni kẹ́ ẹ wò, sà,” ó wí. Ọ̀rọ̀ náà jáde. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń já, ṣùgbọ́n ó jáde. “Mi ò kọ iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ ẹ. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ẹ bèèrè mi. Mo ní kí wọ́n sọ fún yín, wọn ò sọ.”

Dókítà wo ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n ń wo ilẹ̀, ìyẹn sì tó fún un. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. “Ọkùnrin yẹn ti fọwọ́ síwèé ọdún mẹ́ta,” ó wí nígbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè ohun tó bí Jẹ́jẹ́ nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ: “Kí ló dé tó ò wá bá mi fúnra ẹ?”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀,” Jẹ́jẹ́ dá a lóhùn. “Ọdún méje. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.”

Jẹ́jẹ́ padà sí yàrá ẹ̀yìn. Ó mumi, ó sì tún eyín kejì lápá òsì olùkọ́ àgbà yẹn ṣe. Iṣẹ́ ọ̀gá ti lọ. Àwọn gbólóhùn tó ti kó ara jọ sọ kò dá a padà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n palẹ̀ mọ́, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ yọjú. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tí yóò gbé ìgbálẹ̀ sí.

“Ẹ má bínú o, àǹtí mi. Ẹ̀gbọ́n yín ló rán mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín. Wọ́n ní àwọn ò mọ bí àwọn ṣe máa gbé e kalẹ̀.”

Jẹ́jẹ́ gbé eyín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ ṣeun, mà. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n wá sọ ọ́ fúnra wọn.”

Obìnrin náà lọ. Jẹ́jẹ́ pa iná, ó nu tábìlì, ó jókòó, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń ti àwọn fèrèsé iwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́ tí bàbá géètì ń kí ẹni tó ń jáde pé ó dàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n ò wá.